Kọntirólà Fáànù Rédíétọ̀: Ìbéèrè Tí Àwọn Onímọ́tò Ń Bi Mí Ní Òṣogbo

Iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe, lọ́nà Gbọ̀ngán níbí ní Òṣogbo. Láti oṣù kejì títí òjò á fi rọ̀ dáadáa, ọkọ̀ tó ń gbóná ló máa ń pọ̀ jù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Òrùn ń mú, ọkọ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọlà-Ìyá, kò sáré kí atẹ́gùn tó lè fẹ́ wọ iwájú rẹ̀, ẹ̀mí ẹ́ńjìnì wá kù sọ́wọ́ fáànù nìkan. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn oníbàárà ń bi mí lójoojúmọ́, bí mo sì ṣe ń dá wọn lóhùn náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Kí tiẹ̀ ni ẹ ń pè ní kọntirólà fáànù?

Ẹ̀rọ tó ń pinnu ìgbà tí fáànù rédíétọ̀ máa yí àti ìgbà tó máa sinmi ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ohun kan ń gbọ́ bí omi ṣe gbóná tó, ohun kan ń pinnu, ohun kan ń gbé iná ńlá láti bátìrì fún fáànù. Sẹ́ńsọ̀ ló ń gbọ́, rílè ló ń gbé iná. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́ bíi Golf 3, súwíìsì kan tí wọ́n dè mọ́ ara rédíétọ̀ ló ń gbọ́, òun náà ló ń pinnu. Nínú ọkọ̀ òde òní, bíréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pinnu. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ nínú páálí, tó ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ àti ibi tí ẹ ti máa yí i sí ìwọ̀n ooru tí ẹ fẹ́, òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé jù.

Ẹ̀gbọ́n, fáànù mi ò yí mọ́. Ṣé kí n kàn lọ ra kọntirólà tuntun?

Ẹ sinmi ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Fáànù gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ fún un ní iná láti bátìrì tààrà. Bí kò bá yí, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ní láti fi igi ta abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kó tó gbéra, búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, ìyẹn èédú tó ń gbé iná wọnú mọ́tò rẹ̀, ti jẹ tán. Fáànù ló kú, kọntirólà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bó bá yí dáadáa, ẹ wo fíúsì rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ rílè.

Ẹ dojú rílè náà dé, ẹ ó rí nọ́ńbà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Lára èyí tí wọ́n ń lò jù, 30, 85, 86 àti 87 ni. Orí 30 ni iná bátìrì ń gbà wọlé, orí 87 ló ń gbà jáde lọ sí fáànù. 85 àti 86 ni ti wáyà wínníwínní tí wọ́n ká sínú rẹ̀, tó ń fa irin méjì pọ̀ bí iná bá dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fún 85 àti 86 ní iná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ “káà”. Ṣùgbọ́n ẹ má fi “káà” nìkan dá ẹjọ́. Mo ti rí rílè tó ń ké dáadáa, tí ojú irin inú rẹ̀ sì ti jó dúdú, tí iná ò kọjá mọ́. Ẹ so gílóòbù iná bíréèkì mọ́ 87, kí ẹ rí i bóyá á tàn kedere.

Bí rílè bá pé, ó ku sẹ́ńsọ̀. Lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, bí ẹ bá yọ pulọ́ọ̀gì súwíìsì tó wà lára rédíétọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní títàn, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo bíréènì: bí wọn ò bá gbọ́ ìròyìn kankan láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ omi mọ́, wọ́n á tan fáànù láti fi dáàbò bo ẹ́ńjìnì. Tó bá yí báyìí, wáyà àti rílè yín pé, sẹ́ńsọ̀ nìkan ni ẹ máa rà. Owó rẹ̀ ò tó ti kọntirólà rárá.

Mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kó so fáànù ní dáréètì, kó máa yí láìdúró, kó sì yọ tẹ́mósítáàtì dànù, pé ilẹ̀ wa gbóná jù fún un. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá ń gbọ́ ọ. Inú ọkọ̀ ènìyàn wa ló pọ̀ sí jù.

Tẹ́mósítáàtì kì í ṣe nǹkan ìlú òtútù. Ó ń dá omi dúró sínú ẹ́ńjìnì títí á fi gbóná dé ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ déédéé, kó tó wá ṣínà fún un lọ sínú rédíétọ̀. Ti Corolla 1.8 tí gbogbo Òṣogbo ń gùn, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàrin 80 sí 84°C. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ wá sáré lọ sí Iléṣà láàárọ̀ kùtù, omi lè má gbóná tó bó ṣe yẹ títí ẹ ó fi débẹ̀. Bíréènì á ní, “Ẹ́ńjìnì yìí ṣì tutù,” á sì máa da epo kún epo. Ọ́ìlì náà ò ní gbóná tó láti lé omi tó ń kóra jọ sínú rẹ̀ jáde. Ẹ ó wá máa ṣe kàyéfì pé ọkọ̀ yín ń mu epo.

Ti fáànù tó wà ní dáréètì nìyí: bó bá ń jẹ áńpíà 20, tí iná ọkọ̀ sì wà ní fóòtì 13.5, wáàtì 270 ló ń fà láti ìgbà tí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ títí ẹ ó fi pa á, ẹ́ńjìnì ló sì ń ṣe iná náà. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà tó já gaara, atẹ́gùn iwájú ti tó rédíétọ̀, fáànù ì bá máa sinmi. Búrọ́ọ̀ṣì tí ì bá pẹ́ á jẹ tán láìpẹ́, yóò sì kú lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé dáréètì ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Rédíétọ̀ tó ti dí, ìdérí rẹ̀ tí kò dì mọ́, pọ́ọ̀ǹpù omi tó ń kú lọ, gbogbo wọn á fara pamọ́ sábẹ́ fáànù tí kì í sinmi, títí ọjọ́ tí héèdì, ìyẹn irin tó bo orí ẹ́ńjìnì, á fi wọ́.

Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ló ti kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ so ó ní dáréètì kí ẹ lè délé. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ tú u.

Kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ wò lára kọntirólà kí ẹ tó rà á?

Mo máa ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá kú. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń kú. Kọntirólà kan á kú, fáànù á dúró, ẹ́ńjìnì á sè. Òmíràn á kú, fáànù á máa yí láìdúró, ẹ ó délé lálàáfíà, ẹ ó kàn bi ara yín pé kí ló dé tó ń pariwo. Ìkejì yìí ni mo ń wá. Ojú tó ń tan iná aláwọ̀ búlúù, nọ́ńbà tó ń yí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mi ò kà á sí tí èyí kò bá sí níbẹ̀.

Nídìí sẹ́ńsọ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn jù. Irú sẹ́ńsọ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, bí wáyà rẹ̀ bá já, ó dà bí ẹni pé omi tutù bíi yìnyín lójú kọntirólà. Èyí tí wọn ò fi làákàyè ṣe á gbà bẹ́ẹ̀, á pa fáànù. Èyí tí wọ́n ro dáadáa á mọ̀ pé omi ọkọ̀ ò lè tutù tó bẹ́ẹ̀, á tan fáànù, á sì tan iná ìkìlọ̀.

Bí mo ṣe ń dán an wò kí n tó sanwó nìyí. Mo máa ń mú bátìrì kékeré, gílóòbù iná bíréèkì wáàtì 21 kan, àti fúláàsì omi gbígbóná dání. Mo so gílóòbù síbi tí fáànù ì bá wà. Mo da omi sínú ife, mo ri sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni, gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn láìpẹ́. Mo fi ife náà sílẹ̀ kó máa tutù, mò ń wo ìgbà tí iná máa kú. Bó bá ń tàn tó ń kú, tó ń tàn tó ń kú, bí ẹni ń ṣẹ́jú, mo ti mọ̀ pé á jó rílè láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fa sẹ́ńsọ̀ yọ pátápátá lára rẹ̀. Bí gílóòbù bá tàn, mo san owó. Bó bá dákẹ́ ṣíọ̀, mo dá a padà fún ẹni tó ni ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń ta páàtì kan á máa kanra tí wọ́n bá rí fúláàsì. Ẹ rọra bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára ò ní kọ̀ kí ẹ dán an wò.

Irú mélòó ló wà, èwo ló sì yẹ mí?

Èyí tó rọrùn jù ni súwíìsì tí wọ́n ń dè mọ́ rédíétọ̀, tó ń tan rílè. Kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí i, ìwọ̀n ooru rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ti Golf 3 ní ìpele méjì: ìkíní ń tan láàrin 92 sí 97°C, ìkejì láàrin 99 sí 105°C. Mo fẹ́ràn irú yìí gan-an torí kò sí ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ tó lè bàjẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá ní ojú ihò fún un, òun ni kí ẹ rà.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni èyí tó ní sẹ́ńsọ̀ onírin gígùn àti kókó tí ẹ máa fi síkúrúdíráífà yí. Ó dára, bí sẹ́ńsọ̀ bá jókòó síbi tó yẹ. Onínọ́ńbà, tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn, rọrùn láti ṣètò, ṣùgbọ́n oríṣìíríṣìí ayédèrú ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí kì í lo rílè, tó ń rọra mú fáànù yára díẹ̀díẹ̀ bí ooru ṣe ń lé sí i. Kò ní já iná gbà lẹ́ẹ̀kan náà, dáṣíbọ́ọ̀dù ò sì ní ṣẹ́jú bí fáànù bá gbéra. Iná ńlá ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ń gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ ní irin tó ń tú ooru, kó wà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó jìnnà sí èéfín ẹ́ńjìnì. Ó wọ́n. Fún ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ tó ń bọ̀ wálé láàrin Òṣogbo, owó yẹn á wúlò fún un níbòmíràn.

Áńpíà mélòó ni mo máa wò lára rẹ̀?

Ẹ wo ara fáànù. Bí wọ́n bá kọ wáàtì síbẹ̀, ẹ pín in sí 12. Wáàtì 240 jẹ́ áńpíà 20. Bí kò bá sí ohun tí wọ́n kọ, ẹ wá ríwáyà tó ní mítà oníẹnu, èyí tí wọ́n ń fi gbá wáyà mọ́ra, kó wọ̀n ọ́n nígbà tó ń yí. Ọ̀pọ̀ fáànù ọkọ̀ kékeré ń jẹ láàrin 10 sí 20; fáànù méjì pọ̀ lè dé 30 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn nígbà tó ti ń yí o. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ra kọntirólà áńpíà 20 fún fáànù áńpíà 20. Fún irú fáànù bẹ́ẹ̀, rílè 40 àti fíúsì 30 ni mo ń lò. Tó bá jẹ́ fáànù méjì ni, mo máa ń fún oníkálùkù ní rílè àti fíúsì tirẹ̀: bí ọ̀kan bá kú, èkejì á ṣì máa fẹ́.

Ṣé wáyà èyíkéyìí ò lè ṣe é ni?

Ẹni tó bá fi wáyà tín-ín-rín gbé fáànù ti fi iná sórí òrùlé sùn. Fún áńpíà 20, wáyà oní-4 milimítà onígun mẹ́rin. Fún 30, oní-6. Kó jẹ́ kọ́pà tòótọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà kan ṣoṣo nínú rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn ni. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kì í ṣe lẹ́bàá fáànù, torí ibi tí wáyà bá ti fara gbo irin láàrin méjèèjì ni iná ti máa sọ.

Áàtì, ìyẹn wáyà tó lọ sára irin ọkọ̀, ni wọ́n ń fojú di jù. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí ẹ máa dè é mọ́ títí irin á fi dán. Nígbà tí fáànù bá ń yí, ẹ fi mítà wọn láti nẹ́gátíìfù bátìrì dé nẹ́gátíìfù fáànù. Bó bá ju ìdajì fóòtì lọ, áàtì yẹn ò dára, fáànù yín ò sì ní yí bó ṣe yẹ kó yí, iye yòówù kí ẹ fi ra kọntirólà.

Ìwọ̀n ooru wo ni kí n yí i sí?

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí tẹ́mósítáàtì yín fi ń ṣí. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀: 82, 88, 92. Fáànù gbọ́dọ̀ tan lókè rẹ̀, kó sì kú lókè rẹ̀. Fún tẹ́mósítáàtì 82, mo ń yí i kó tan ní 95, kó kú ní 89.

Ẹnì kan gbé ọkọ̀ wá, ó ní fáànù òun kì í sinmi. Ó ti ṣètò rẹ̀ kó kú ní 78, kí ẹ́ńjìnì lè “tutù dáadáa”. Tẹ́mósítáàtì 82 ló sì wà nínú ọkọ̀. Tẹ́mósítáàtì ò ní jẹ́ kí omi tutù dé 78 láéláé, fáànù náà á sì máa dúró de ohun tí kò ní dé. A gbé nọ́ńbà náà sókè, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi.

Ẹ jẹ́ kí nǹkan bí dígírì 5 sí 8 wà láàrin ìgbà tó ń tan àti ìgbà tó ń kú. Ẹ má sì jẹ́ kí 100°C dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Omi inú ìkòkò ló ń hó ní 100. Inú rédíétọ̀ tí ìdérí rẹ̀ dì dáadáa, tí kúláńtì, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, sì wà nínú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, kì í hó títí á fi kọjá 120. Agbára ìdérí yẹn ló fà á, ìdí sì nìyí tí ẹ ò fi gbọdọ̀ ṣí i nígbà tó bá gbóná. Mo mọ ẹni tí ojú àti àyà rẹ̀ bó nítorí rẹ̀.

Níbo ni sẹ́ńsọ̀ yẹ kó wà?

Níbi tó ti máa fara kan omi. Ojú ihò wà lára ẹ́ńjìnì tàbí rédíétọ̀ àwọn ọkọ̀ kan. Bí kò bá sí, páìpù irin kékeré kan wà tí wọ́n ń já hóòsì òkè sí méjì fi bọ àárín rẹ̀, tí ihò sẹ́ńsọ̀ wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tì bọ àárín àwọn irin pẹlẹbẹ wínníwínní ara rédíétọ̀ láti ìta, mi ò fi sí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ, tó ń ná Òṣogbo sí Ìbàdàn, gbé Camry rẹ̀ wá bá mi. Mo ti sẹ́ńsọ̀ bọ àárín àwọn irin pẹlẹbẹ ara rédíétọ̀, mo fi okùn rọ́bà dè é, mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n pè mí láti Ìbàdàn. Wọ́n ní, “Àbúrò, èéfín funfun ti bo ọkọ̀ mi, mi ò gbọ́ ohùn fáànù yẹn láti àárọ̀.” Ìgbà tí mo débẹ̀, mo rí sẹ́ńsọ̀ náà tó ń mì dirodiro lórí wáyà rẹ̀. Gbígbọ̀n ọkọ̀ ti já okùn rọ́bà. Atẹ́gùn ló ń wọ̀n, atẹ́gùn ò sì gbóná, kọntirólà rò pé àlàáfíà wà. Wáyà rẹ̀ ò já, nítorí náà ìdáàbòbò tí mo ń yìn lókè ò lè rí i.

Mo ní, “Mà, ẹ̀bi mi ni.” Mo san owó gásíkẹ́ẹ̀tì héèdì àti ti ẹni tó tún ojú héèdì ṣe. Wọ́n ṣì ń bá mi ṣe, Ọlọ́run bù kún wọn. Kódà bí irú sẹ́ńsọ̀ yẹn ò bá bọ́, ó máa ń wọn ooru tó kéré sí ti omi gan-an, torí ara irin ìta ló fi ń gbọ́ ọ.

AC mi ń kọ́?

Ẹ má ra kọntirólà inú páálí tí kò ní wáyà tó ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ AC. Bí ẹ bá ti tan AC, fáànù gbọ́dọ̀ yí, omi ì báà tutù. Iwájú rédíétọ̀ ni AC ti ń tú ooru rẹ̀ dànù. Bí atẹ́gùn ò bá fẹ́ ẹ, gáàsì inú rẹ̀ á le jù, á máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí yín lójú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á sì tún da ooru yẹn lé rédíétọ̀ lórí.

Tuntun ni kí n rà ni, àbí tòkúnbọ̀?

Rílè, súwíìsì rédíétọ̀, pulọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀: tòkúnbọ̀ tí wọ́n já lára ọkọ̀ ni mo ń rà, mo sì ń dán an wò. Rílè Denso ti Jàpáànù tàbí Bosch ti Jámánì tó ti rin ọ̀nà jíjìn sàn ju tuntun tí ẹ ò mọ bàbá rẹ̀ lọ. Kọntirólà inú páálí, tuntun ni, nítorí ẹ nílò ìwé bí wọ́n ṣe ń so ó.

Ayédèrú máa ń tú ara rẹ̀ fó. Ẹ gbé e lọ́wọ́, á fúyẹ́ bíi páálí ìṣáná. Wọ́n á kọ 40A gàdàgbà sára rẹ̀, wáyà tó jáde lára rẹ̀ á wá tín-ín-rín bíi ti ṣájà fóònù. Ẹ gba wáyà yẹn gbọ́, ẹ fi ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Owó ń yí padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, mi ò ní kọ iye kankan síbí, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń tà á ní ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí àwọn yòókù ń tà á, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Fáànù ń yí lẹ́yìn tí mo ti pa ọkọ̀. Ṣé ó máa jẹ bátìrì?

Lára àwọn ọkọ̀ kan bíi Golf, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, torí ooru máa ń lé sí i lẹ́yìn tí omi bá dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ò ní ṣe bátìrì tó dára ní nǹkan kan. Bí kò bá dúró rárá, irin inú rílè ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ yọ rílè náà kí ẹ tó sùn.

Fáànù ń yí dáadáa, ọkọ̀ ṣì ń gbóná.

Ẹ fi bébà kan sí iwájú rédíétọ̀ nígbà tó bá ń yí. Bí fáànù bá wà lẹ́yìn rédíétọ̀, ó gbọ́dọ̀ fa bébà náà mọ́ra pinpin. Bó bá ń tì í dànù, ẹnì kan ti so wáyà rẹ̀ ní òdì, fáànù ń yí sẹ́yìn. Mo ti bá a lára ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí bébà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ máa lọ wo ìdérí, kúláńtì, pọ́ọ̀ǹpù omi, tẹ́mósítáàtì, àti eruku ọyẹ́ tó dí iwájú rédíétọ̀. Ti mẹkáníìkì nìyẹn, kì í ṣe temi.

Peugeot 504 bàbá mi ni mo ní. Ṣé kí n yọ fáànù tí bẹ́líìtì ń yí, kí n fi oníná sí i?

Bí èyí tó bá a wá bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ti pinnu, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá iná tí ọkọ̀ náà ń ṣe fúnra rẹ̀ tó gbé áńpíà 20 kún iná iwájú àti rédíò.

Ṣé mo lè fi í sí i fúnra mi?

Ẹni tó bá lè lo mítà, tó sì ní sùúrù lè ṣe é. Ẹ yọ nẹ́gátíìfù bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wáyà bá ti pàdé wáyà, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o tàbí kí ẹ fi ẹnu irin tó yẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ má kàn lọ́ ọ pọ̀ kí ẹ fi téèpù wé e, torí ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á tú téèpù yẹn. Ẹ gbé kọntirólà jìnnà sí omi àti sí èéfín ẹ́ńjìnì. Ẹ sì fi súwíìsì kékeré kan sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó lè tan rílè láìgba ọ̀dọ̀ kọntirólà, kí ẹ lè fọwọ́ ara yín tan fáànù lọ́jọ́ tí ó bá kọ̀.

Bí ẹ bá parí, ẹ má tíì jáde. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú kan nínú ọgbà, kí AC wà ní pípa, kí ẹ sì máa wo géèjì. Ẹ dúró títí fáànù á fi tan tí á sì kú ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ tan AC, kó gbéra. Ẹ pa á. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀, kó tún gbéra. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ nọ́ńbà fíúsì àti ibi tí ẹ fi rílè sí sórí bébà kékeré kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ríwáyà tó bá yín pàdé ní Ìkìrun tàbí Ẹdẹ lè mọ ibi tó máa kọ́kọ́ wò.